Kí Ẹ Tó Wọlé Eré ní Broadway, Kí Ẹ Tó Dúró Sẹ́nu Stage Door: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìgbàkígbà tí èèyàn bá ti ilé wá kí wa ní New Jersey, bópẹ́ bóyá, a ó bá ara wa ní Times Square. Ẹnìkan á tọ́ka sókè sí pátákó oníná kan, á ní òun fẹ́ wo "ìyẹn". Mo ti mú ẹ̀gbọ́n lọ, mo ti mú àbúrò lọ, mo ti mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti àwọn ará ìjọ lọ. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nínú ọkọ̀ ojú irin, nípa wíwo eré àti nípa stage door, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣèré ń gbà jáde, ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú àwọn tí èmi náà kò rí ẹni bi nígbà tèmi. Ohun kan ló so gbogbo ìdáhùn náà pọ̀: ẹni tó wà lórí ìtàgé ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ra iṣẹ́ rẹ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀. Kò ra ara rẹ̀, kò sì ra ìrọ̀lẹ́ ẹni tó jókòó tì yín.

Ṣé òpópónà ni Broadway ni àbí ilé eré?

Òpópónà gígùn kan ní Manhattan ló ni orúkọ náà. Ṣùgbọ́n tí àwọn òṣèré bá dárúkọ Broadway, ilé eré 41 ni wọ́n ń sọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìjókòó 500 ó kéré tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí lójú Broadway fúnra rẹ̀. Inú àwọn òpópónà tó gba orí rẹ̀ kọjá ni wọ́n wà, láti 41st Street títí dé 54th Street, àfi Vivian Beaumont tó dá wà lókè ní Lincoln Center. Ẹ ka orúkọ ilé eré tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má kàn ka orúkọ eré nìkan. Ní West 45th Street, àwọn ilé eré tó wà nítòsí ara wọn ju márùn-ún lọ. Mo ti rí tọkọtaya kan tó tò fún ogún ìṣẹ́jú níwájú ilé eré tí kì í ṣe tiwọn.

Aago mélòó ni kí n dé?

Eré alẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje tàbí mẹ́jọ. Eré ọ̀sán máa ń wà ní Ọjọ́rú àti Sátidé, aago méjì lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn nígbà tó bá ku nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á yẹ báàgì wò, àwọn èèyàn á sì ti tò lọ rẹrẹẹrẹ. Kí ẹ ti wà lórí ìlà nígbà náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ti òde ìnáwó wa ṣe é. Ẹni tó bá pẹ́, àwọn ọ́ṣà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ìjókòó han èèyàn, á dá a dúró lẹ́yìn títí di àkókò tí àwọn tó ń darí eré ti yàn fún àwọn tó pẹ́, nígbà mìíràn ó lè jẹ́ lẹ́yìn orin méjì. Ibi tó ti ń dùn mí jù ni eré The Lion King, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1997, tó sì wà ní ilé eré Minskoff báyìí. Orin àkọ́kọ́ ni àwọn ẹranko fi ń gba àárín èrò kọjá lọ sórí ìtàgé. Erin á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó yín, ẹyẹ á máa fò lórí yín. Ẹni tó bá ti pàdánù ìyẹn, ohun tó tìtorí rẹ̀ san owó gan-an ló pàdánù. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ na ẹsẹ̀ tàbí gbé báàgì sójú ọ̀nà àárín ìjókòó. Òṣèré tó gbé agọ̀ ńlá rù nínú òkùnkùn kò lè rí i.

Kí ni kí n wọ̀? Ṣé mo lè wé gèlè?

Kò sí òfin aṣọ. Ẹ ó rí ẹni tó wọ kóòtù, ẹ ó rí ẹni tó wọ jíǹsì àti bàtà ìsáré. Ìró àti bùbá dára púpọ̀, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí aṣọ òkè wa láàárín èrò náà. Ẹ mú súwẹ́tà lọ́wọ́, ẹ̀rọ amúlétutù wọn kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn.

Gèlè ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn ilé eré yìí ti pẹ́: Lyceum àti New Amsterdam ti ṣí láti ọdún 1903. Ìjókòó wọn há, orúnkún yín á kan ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. Gèlè tó ga ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan ju aṣọ náà lọ fún wákàtí méjì ààbọ̀. Mọ̀mí àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wé tiwọn wá láti ilé. Nígbà tí iná fẹ́ kú, wọ́n rọra ṣí i bí ẹni ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, irun dídì wọn sì dára lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí eré parí, wọ́n gbé e padà sórí, a sì ya fọ́tò níwájú pátákó iná. Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́yìn wọn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Agbádá náà nìyẹn o: ẹ ká apá rẹ̀ mọ́ra, kó má bàa di ìbora fún aládùúgbò yín.

Fóònù ńkọ́? Tí mo bá yọ ohùn rẹ̀ kúrò, ṣé kò tó?

Kò tó. Ẹ pa á pátápátá, kí ẹ sì pa aago ọwọ́ tó ń tàn náà. Nínú òkùnkùn, iná fóònù kan ṣoṣo ń mọ́lẹ̀ dé orí ìtàgé, òṣèré sì ń rí ojú yín nínú rẹ̀. Láti ọdún 2003 ni òfin ìlú New York ti ní kí ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń dún tàbí tó ń lò ó nígbà eré san owó ìtanràn 50 dọ́là. Yíya fídíò tàbí fọ́tò nígbà tí eré ń lọ kò sí lábẹ́ ìyọ̀ǹda rárá. Ọ́ṣà lè ní kí ẹ pa á rẹ́ lójú òun, wọ́n sì lè mú yín jáde.

Àwọn òṣèré kan kì í mú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí eré Gypsy ń lọ sópin ní ilé eré St. James, òṣèrébìnrin Patti LuPone dá eré dúró láàárín orin tó le jù nínú rẹ̀ torí pé ẹnìkan ń ya òun ní fọ́tò. Ó bá onítọ̀hún wí níwájú gbogbo èrò kó tó bẹ̀rẹ̀ orin náà padà. Àwọn kan ní ó le jù. Èmi rò pé ẹni tó ti kó gbogbo èémí rẹ̀ jọ fún orin kan, tí ẹnìkan wá tan iná sí i lójú, ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú. Ní oṣù keje ọdún 2015, ní ilé eré Booth, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun orí ìtàgé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kó lè fi fóònù rẹ̀ gba iná. Ihò iná tó rí lára ògiri, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Gbogbo Broadway ló gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá di nǹkan oníná mú ló ń jalè fídíò. Àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa máa ń lo ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, òmíràn sì ń bọ́ sórí fóònù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, níbi eré Hadestown, òṣèrébìnrin kan bá olùwòran kan wí láti orí ìtàgé, ó rò pé ó ń ya fídíò. Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ ni olùwòran náà dì mú. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìtìjú ti bá ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Tí iná bá ń yọ yín lẹ́nu, ọ́ṣà ni kí ẹ lọ bá. Òun ló mọ ẹni tí wọ́n fún lẹ́rọ.

Ṣé n kò wá ní lè ya fọ́tò kankan ni?

Ẹ lè ya ìwé ètò eré yín, tí wọ́n ń pè ní Playbill, tí wọ́n sì ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè ya ara yín ní ìjókòó kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ti ìtàgé fúnra rẹ̀, ẹ bi ọ́ṣà, torí eré kan ń gbà, òmíràn kò gbà. Àwọn eré kan wà tí wọ́n á fúnra wọn sọ pé ó yá, ẹ gbé fóònù jáde, bíi ti Six ní orin ìkẹyìn rẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́.

Mo mọ gbogbo orin inú eré náà sórí. Ṣé mo lè gbè é?

Nínú ọkàn yín, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó tì yín lè ti fi oṣù mẹ́fà tọ́jú owó kó lè gbọ́ ohùn kan, ohùn yín kọ́ ló sì ń wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ní Palace Theatre ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá eré The Bodyguard dúró kó tó parí torí pé àwọn kan kọ̀ láti dẹ́kun orin nígbà tí òṣèré ń kọ orin ìparí. Ọlọ́pàá ló mú wọn jáde. Àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó kù kò gbọ́ orin náà dópin.

Tí òṣèré bá na ọwọ́ sí yín pé kí ẹ gbè é, ẹ gbè é tọkàntọkàn. Ìyẹn ti di ìpè.

Ṣé ká kàn jókòó bí òkúta, ká má fọhùn rárá?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibi tí a ti wá.

Ní Broadway, èèyàn máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí òṣèré olókìkí bá kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sókè, wọ́n máa ń sunkún. Tí olórin bá gbé ohùn sókè tó sì dì í mú níbẹ̀ títí, wọ́n á hó. Kò sí ẹni tó máa fojú burúkú wò yín. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí ẹ máa bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀: "Wò ó, ó máa tó kú báyìí," "Kí ló ní?", "Ẹni yẹn ló ṣe fíìmù yẹn." Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn sí eré, ìtàkùrọ̀sọ ni.

Àwa kò ti ilé eré tó dákẹ́ wá. Níbi eré alárìnjó tí àwọn òbí wa dàgbà sí, òṣèré á dárin, èrò á gbè é, ẹnìkan á sì kìlọ̀ fún ọkọ tí wọ́n fẹ́ fún ní májèlé. Èrò náà jẹ́ ara eré. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà mọ irú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ilé eré, níbi tí àgbàlagbà òyìnbó kan ti máa ń yíjú padà wo obìnrin dúdú tó rẹ́rìn-ín ketekete. Dominique Morisseau, tó kọ ọ̀rọ̀ eré Ain't Too Proud tó dé Broadway ní 2019, ti fi ewé kan sínú ìwé ètò àwọn eré rẹ̀ míì láti sọ fún olùwòran pé wọ́n lè rẹ́rìn-ín sókè, wọ́n sì lè dáhùn. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tí mo fi ń yẹ ara mi wò ni pé: ohun tó jáde lẹ́nu mi yìí, ṣé ìtàgé ni mo fi ń dá lóhùn, àbí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo wà níbí? Tí ó bá jẹ́ èkíní, tó sì kúrú, kò sí ẹ̀bi.

Àpẹẹrẹ tiwa gan-an ni Fela!, eré olórin lórí ìgbésí ayé Fela Kuti, tó bẹ̀rẹ̀ ní Eugene O'Neill Theatre ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2009, tó sì parí ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2011. Bill T. Jones ló darí rẹ̀ tó sì to ijó rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Antibalas ló lu orin. Wọ́n sọ inú ilé eré náà di Shrine, wọ́n sì máa ń ní kí gbogbo èrò dìde, kí wọ́n fi ìdí ka nọ́ńbà ojú aago. Ẹni tó jókòó bí òkúta ní àsìkò yẹn ni kò mọ ìwà hù. Eré náà gba àmì ẹ̀yẹ Tony, tí wọ́n ń fún àwọn eré Broadway, mẹ́ta ní 2010, ní oṣù kẹrin ọdún 2011 wọ́n sì gbé e wá sí Èkó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni pé Sahr Ngaujah àti Kevin Mambo ló ń pín ipò Fela ṣe láàárín ara wọn, torí pé ijó, orin àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí èèyàn kan lè fi ara ṣe lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀.

Ṣé mo lè ná òṣèré lówó tí orí mi bá wú?

Rárá. Kò sẹ́ni tó máa yé, ẹni tó ń jó lórí ìtàgé sì lè fi ẹsẹ̀ yọ̀ lórí owó ìwé. Tí owó bá ń yún yín lọ́wọ́, ẹ dúró di ìparí. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé ni àwọn òṣèré máa ń di korobá pupa mú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gba owó fún Broadway Cares/Equity Fights AIDS, tó ń ran àwọn aláìsàn àti àwọn òṣìṣẹ́ eré tó wà nínú ìnira lọ́wọ́. Inú korobá yẹn ni kí ẹ ná an sí. Òṣèré fúnra rẹ̀ á sì wò yín lójú, á dúpẹ́.

Oúnjẹ àti ọtí?

Ẹ jẹun kí ẹ tó wá. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbé oúnjẹ ìta wọlé. Wọ́n ń ta ohun mímu nínú ife onídèérí, ó wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ lá súìtì, ẹ ti tú ọ̀rá rẹ̀ kí iná tó kú. Ọ̀rá tí èèyàn ń rọra tú nínú ìdákẹ́jẹ́ pariwo ju èyí tó tú kíákíá lọ. Àárín eré ni ìsinmi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà, ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin a sì kún dẹ́nu. Ẹ má fi falẹ̀.

Ṣé mo lè mú ọmọ kékeré wá?

Ọ̀pọ̀ ilé eré kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, gbogbo ọmọ tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹ kò lè pọ̀n ọ́n wọlé. Fún ọmọ tó ní autism, tí ariwo àti iná máa ń dà láàmú, àjọ TDF máa ń ṣètò ọjọ́ àkànṣe tí wọ́n ń dín ariwo kù, tí ọmọ sì lè dìde, kó rìn, kó sọ̀rọ̀. The Lion King ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2011. Ẹ bèèrè rẹ̀ láìtijú.

Òṣèré tí mo tìtorí rẹ̀ wá kò ṣeré lónìí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ẹ ó rí ìwé pélébé nínú Playbill, tàbí pátákó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ ẹni tó máa ṣe ipò wo lálẹ́ náà. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ẹni tí kò wá wà lókè orúkọ eré lára pátákó, ẹ lè gba owó yín padà tàbí kí ẹ pààrọ̀ ọjọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó, ẹ wo adelé, ìyẹn ẹni tó dípò rẹ̀.

Mo pè é ní adelé torí pé ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìjọba kò dúró torí pé ọba kò sí láàfin. Àwọn kan nínú wọn mọ ipò mẹ́fà, méje sórí, orin àti ijó, wọn kò sì mọ èyí tí wọ́n máa ṣe títí di ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mí kanlẹ̀ sókè nígbà tí wọ́n kéde orúkọ adelé ń ṣe ohun tó burú, torí adelé ń gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ. Ní tèmi, alẹ́ tó dùn jù tí mo ti lò ní Broadway, adelé ló fún mi.

Nígbà tí eré bá parí, ṣé ó di dandan kí n dìde?

Kò di dandan. Ìdìdedúró pàtẹ́wọ́ ti wọ́pọ̀ débi pé ẹ kò ní rí ìtàgé tí ẹ bá jókòó, ìyẹn nìkan ni. Ohun tó burú ni kí ẹ máa gba orí orúnkún èèyàn jáde nígbà tí wọ́n ń tẹríba fún yín, torí ọkọ̀ ojú irin. Ẹ dúró. Ẹ tún dúró gbọ́ àwọn olùlù tó wà nínú kòtò iwájú ìtàgé, wọ́n á ṣì máa lu orin ìdágbére nígbà tí iná bá ti tàn. Àwọn èèyàn kì í pàtẹ́wọ́ fún wọn tó.

Kí ni stage door, níbo ló sì wà?

Ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣèré, olùlù àti àwọn tó ń tọ́jú aṣọ ń gbà wọ ibi iṣẹ́ wọn ni. Ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì lè wà lójú òpópónà kejì. Ọ́ṣà á júwe rẹ̀ fún yín. Ẹ ó bá irin ìdènà níbẹ̀ àti èrò tó tò lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì sọ ibi tí ẹ máa dúró sí. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òṣèré tó jáde, torí ó ní láti bọ́ aṣọ eré, kó tú ẹ̀rọ ohùn tó wà nínú irun àtọwọ́dá rẹ̀, kó nu ojú.

Mo ti sanwó. Kí ló dé tí òṣèré kò ní jáde wá kí mi?

Owó tí ẹ san ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí aṣọ ìtàgé bọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ẹ̀bùn.

Mo mọ̀ pé ó dùn yín láti gbọ́, ó dùn èmi náà rí. Lọ́dún kan, ní àsìkò òtútù, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn irin fún wákàtí kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó ti kọ lẹ́tà. Òṣèrébìnrin náà jáde, ó fa fìlà bojú, ó juwọ́ sí gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọ mọ́tò. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Mo sọ ọ́ sókè pé lẹ́yìn gbogbo owó tí a san. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kò bínú, ó kàn ní, "Orúnkún tó wú ló ti ń fi jó láti ọjọ́ Tuesday." Mo ti rí i tó jó fún wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti pàtẹ́wọ́ fún un, n kò sì rí orúnkún kankan. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Òṣèré lè ní ọmọ nílé, ó lè fẹ́ fi ohùn rẹ̀ sinmi, ó lè jẹ́ ẹni tí ojú ń tì. Àìsàn náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2020 ni gbogbo Broadway tì pa nítorí kòrónà. Nígbà tí àwọn eré orin padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí òṣèré má dúró lẹ́nu stage door mọ́, torí ọ̀fìnkìn ẹnìkan lè ti ilé eré pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan ti padà síbẹ̀, àwọn kan kò padà.

Àwa èrò náà sì ń ba nǹkan jẹ́ fúnra wa. Ní 2015, nígbà tí eré Hamilton ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé eré Richard Rodgers, àwọn tó wá ta tẹ́tẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì máa ń pọ̀, Lin-Manuel Miranda tó kọ eré náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń jáde wá ṣe eré kékeré fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìwà ọ̀làwọ́ gidi ni. Èrò wá pọ̀ débi pé wọ́n kún ojú títì ní 46th Street, nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2016 wọ́n gbé tẹ́tẹ́ náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tí wọ́n bá jáde, kí ni kí n sọ?

"Ẹ kú iṣẹ́." Gẹ̀ẹ́sì kò ní in, àwa ní in, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó bá ibẹ̀ mu tó o. Mo máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́yìn náà mo máa ń ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí. Ó ti pẹ́ tí òṣèré kan ti dúró, tó ní kí n tún un pè kóun lè kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ohun kan nínú eré tó wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ dúpẹ́. Ẹ má béèrè nípa ọkọ tàbí aya rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ẹ má sọ pé ẹni tó ṣe ipò náà tẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ mú máákà tiyín dání, kí ẹ sì ti ṣí Playbill sí ojú ewé tí ẹ fẹ́ kó buwọ́ lù. Ìwé kan ló tó. Ẹni tó kó fọ́tò mẹ́wàá wá láti inú fíìmù tí òṣèré náà ti ṣe, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó fẹ́ lọ tà á ni, ó sì ń gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tó wo eré.

Ṣé mo lè dì mọ́ ọn? Ṣé mo lè ya sẹ́fí?

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ sì gbà tó bá ní rárá. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tí kò na ọwọ́ sí yín. Mọ̀mí àgbà fẹ́ kúnlẹ̀ kí òṣèrébìnrin àgbàlagbà kan lọ́jọ́ tí mo wí yẹn. Obìnrin náà rò pé wọ́n fẹ́ ṣubú ni, ó sáré gbá wọn mú. Ìyẹn dára, òun ló kọ́kọ́ dì mọ́ wọn.

Ohun kan wà tí àwa gan-an máa ń ṣe, mo sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀: pípe ará ilé lórí fídíò, kí a wá gbé fóònù sí òṣèré lójú pé "ẹ kí mọ̀mí mi ní Ìbàdàn". Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni náà kò mọ ẹni tó ń wo òun, kò sì mọ bí yóò ṣe kọ̀ níwájú èrò. Ẹ ya fọ́tò tó bá gbà, ẹ fi ránṣẹ́ sílé.

Ṣé mo lè dúró níbẹ̀ láàárín eré ọ̀sán àti eré alẹ́?

Ẹ lè dúró, ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹnikẹ́ni. Wákàtí bíi méjì péré ni wọ́n ní láti jẹun, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jáde rárá.

N kò wo eré náà. Ṣé mo lè wá síbẹ̀?

Ojú títì gbogbo èèyàn ni, kò sí òfin tó lé yín. Ẹ kàn dúró lẹ́yìn, kí àwọn tó wo eré wà níwájú. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ jẹ́ kó wá síwájú yín.

Ọmọ mi fẹ́ tẹ̀ lé òṣèré náà dé ibùdókọ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ dá a dúró. Láti ibi irin ìdènà síwájú, ẹni náà ti di ẹni tó ń re ilé rẹ̀ láago mọ́kànlá òru. Títẹ̀lé e, wíwá ibi tó ń gbé, dídúró dè é níbi tó ti ń jẹun, gbogbo rẹ̀ ń dẹ́rù bà á, kódà tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn òṣèré ti kúrò lẹ́nu stage door pátápátá nítorí irú èyí. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà bí ẹ ó ti ṣàlàyé fún un pé a kì í ka lẹ́tà onílẹ́tà.

Mo mú ẹ̀bùn wá. Ta ni kí n fún?

Lẹ́tà ló dára jù. Òdòdó náà dára. Oúnjẹ tí ẹ sè nílé, ẹ gbé e padà, kò sí òṣèré tó lè jẹ ọbẹ̀ ẹni tí kò mọ̀, bó ti wù kó dùn tó. Tí òṣèré kò bá jáde, ẹ fi lẹ́tà náà fún ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn stage door.

Tí ẹ bá wà ní Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́: ẹ kọ orúkọ òṣèré, orúkọ eré, orúkọ ilé eré àti àdírẹ́sì rẹ̀ sára àpòòwé, ẹ sì kọ "Stage Door" sí i. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá eré náà ṣì ń lọ, kí lẹ́tà náà má lọ bá ilé òfìfo. Àwọn tó ń fẹ́ ìbuwọ́lù nìkan lè ra Playbill tàbí pátákó ìpolówó tí gbogbo òṣèré ti buwọ́ lù lọ́wọ́ Broadway Cares, owó rẹ̀ á sì bọ́ sínú korobá pupa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi lẹ́tà tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àpòòwé kékeré kan dé, ìlà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àbàwọ́n kọfí kan ní igun ìwé náà.